Ohùn Tó Wà Nínú Kànga Apòmù

Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n yìí. Ìyá mi wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n sì lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn, ohùn ara mi á sì tún máa bà mí lẹ́rù.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní Ìkirè. Mo ti parí yunifásítì, n kò ríṣẹ́, ni mo bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kánsù láti máa fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó àwókù ilé lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ búlọ́ọ̀kù àtijọ́ láti fi mọ tuntun. Òfin ni pé ká ṣa igi, irin àti páànù kúrò kí ẹrù tó wọlé. Ẹni tó bá da àwókù síbòmíràn, wọn yóò gba ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìyá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ọ̀pá tú ẹrù mi.

"Igi ni mò ń wò yìí àbí ẹ̀fọ́? Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní yunifásítì bí wọ́n ṣe ń ya igi kúrò lára búlọ́ọ̀kù ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Lọ ṣà á, kí o padà wá."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dà bíi pé ìwé ẹ̀rí mi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ṣà á. Mo gba ọ̀nà Apòmù, mo da gbogbo rẹ̀ sínú kànga gbígbẹ kan lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Láti ọjọ́ náà, kànga gbígbẹ ni mò ń wá kiri.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo rí òmíràn. Okùn kan so mọ́ igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wọ inú kànga lọ. Mo rí okùn náà. Ọmọ agbègbè náà ni mí, mo mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn agbẹ́kànga máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ wá omi, síbẹ̀ n kò wo inú rẹ̀. Mo da ìdajì ẹrù sí i, ni mo gbọ́ ohùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn wà níbí o. Ẹsẹ̀ mi ti há."

Mo ní, "Ta ni yẹn?"

"Múdà agbẹ́kànga ni. Ìyàwó mi tó ń fa okùn ló lọ ra dòdò. Ẹ bá mi fà á."

"Wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ mi." N kò mọ̀ pé mo sọ ọ́ síta.

Ó ní, "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ sáà fà mí."

Mo gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀, mo sì da èyí tó kù lé e lórí.

Mò ń gbọn ilẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ọ̀rá dòdò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. Lẹ́yìn náà ló fi ojú tọ okùn náà dé ẹnu kànga.

Ní kóòtù, mo jẹ́wọ́ pé mo gbọ́ igbe. Ìyàwó Múdà wá bá mi bí wọ́n ṣe ń mú mi jáde. "Yàtọ̀ sí igbe, ṣé ọkọ mi sọ nǹkan kan?"

Mo ní rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ṣa ẹrù yín, ẹ lọ ṣà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ni ẹ ó sùn.

Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá ránṣẹ́ sí obìnrin náà pé ọkọ rẹ̀ búra láti bò mí láṣìírí, ọgbẹ́ tuntun ni. Bí n kò bá sì ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọkọ rẹ̀ yóò bá mi wọlẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ má pẹ́ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.