Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ Kọ́ Ni Wọ́n Mú

Nínú takisí tó gbé wa láti Ìlódè lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní yunifásítì kò ọ̀gá rẹ̀ lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí owó tí wọ́n fi ń rán olùkọ́ lọ kọ́ ọ̀nà ìkọ́ni tó sàn, tí wọ́n fún ọ̀gá náà lọ́dún yìí.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ń pe àwọn ìyá ìkókó wá sí kíláàsì, kí wọ́n sọ èébú tí a bú wọn nígbà tí wọ́n ń rọbí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́n. Ẹ ní mo sọ kíláàsì dọjà. Ẹ wá fi ọjà mi gba owó!"

Ọ̀gá ní, "Rọra. Èmi ni olórí ẹ̀ka."

"Ìgbà wo lẹ dé wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí gbẹ̀yìn?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Má bínú, ọdún mìíràn ń bọ̀. O ṣì kéré."

Kéré kẹ̀! Obìnrin tó ti hewú. Èmi náà kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá tèmi ò yé sọ pé mo ṣì kéré, títí di ọjọ́ tó ní mo ti dàgbà jù.