Ọ́ìlì Tí Kò Sẹ́ni Tó Fà Á

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Gangare ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín mẹkáníìkì náà àti oníbàárà rẹ̀ kan, níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ mi.

"Alájì, ibo lẹ ti máa ń wo géèjì ọ́ìlì ọkọ̀ yìí?"

"Iwájú ilé mi ni, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àràárọ̀ ló ń lọ sílẹ̀, àràárọ̀ ni mo ń da òmíràn kún un. Ẹnì kan ló ń fà á jí lóru."

"Ẹ ò rí nǹkan! Géèjì máa ń purọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Orí ilẹ̀ títẹ́ la wà yìí, ẹ wò ó, ọ́ìlì ti kún kọjá àmì. Àpọ̀jù yẹn ló ń jó tó ń rú èéfín. Kò sẹ́ni tó fà á."

"Haba! Kò sẹ́ni tó fà á?"

"Kò sí, Alájì."

"Mo ti lé àbúrò mi padà sí Ìlọrin lórí ọ́ìlì yìí. Ó fi Àlùkùráánì búra fún mi pé òun kọ́ ló jí i."