Jethro Ló Fà Wọ́n Jáde Nínú Iná

Ẹ sún àga yín mọ́ mi, Màmá Jethro. Kíkẹ́ ìyàwó mi ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Dókítà ti sọ òótọ́ tirẹ̀ fún mi. Ó kù kí n sọ tèmi kí ilẹ̀ tó bò ó. Ẹ wọkọ̀ láti Oǹdó wá sílé wa ní Arakale níbí láti gbàdúrà fún mi. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ gbàdúrà fún ná.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èmi Adélaní, ọmọ ogun òfurufú, ni mo fa ọ̀gá wa méjì jáde nínú hẹlikọ́pítà tó já lulẹ̀ ní Borno. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi àmì-ẹ̀yẹ akọni sí mi láyà. Irọ́ ni. Jethro ọmọ yín ló fà wọ́n jáde.

Bí a ti balẹ̀ gbì báyìí ni mo bẹ́ jáde, tí mo sá wọ kòtò odò tó ti gbẹ. Èmi tí mò ń pe ara mi lọ́kùnrin! Ibẹ̀ ni mo lúgọ sí tí mò ń wo Jethro. Ó fa ẹni àkọ́kọ́ jáde, ó padà, ó fa ìkejì. Àwọn méjèèjì ti dákú. Iná ti gba ìrù hẹlikọ́pítà. Ó yẹ kí ó sá nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ń wò yíká, ó ń pariwo pé, "Adélaní! Adélaní, dá mi lóhùn!" Màmá, ó rò pé mo ṣì wà nínú iná.

Mo gbọ́ ọ. Kò ju àádọ́ta ìṣísẹ̀ lọ sí mi. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá la ẹnu, àwọn ọlọ́tẹ̀ lè gbọ́ ohùn mi nínú igbó, bẹ́ẹ̀ n kò rí ẹyọ ẹnì kan. Mo fi ọwọ́ di ẹnu ara mi. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì wọ inú iná lọ wá mi. Kò jáde mọ́.

Nígbà tí àwọn tó wá gbà wá dé, mo ti jáde nínú kòtò, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó dákú ni wọ́n bá mi. Ọ̀gá kan bi mí pé, "Ta ló fà wọ́n jáde?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó ní, "Jethro ńkọ́?" Mo ní ojora mú un, kò lè dìde níbi tó jókòó sí nínú hẹlikọ́pítà, iná sì ká a mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé Oǹdó. Ẹ̀yin sọ fún mi níbi ìsìnkú pé, "Ọma mi kì í ṣe ojo, Adélaní. Ṣé o rí i dáadáa?" Mo wo ojú yín, mo ní mo rí i. Mo gbọ́ pé Bàbá Jethro ò dárúkọ ọmọ náà mọ́ títí wọ́n fi kú.

Láàárọ̀ yìí ni mo ní kí wọ́n mú ìwé ìjẹ́wọ́ mi àti àmì-ẹ̀yẹ náà lọ fún àwọn ọ̀gá wa. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Tí ẹ bá délé, ẹ lọ dúró níbi ojú oórì Bàbá Jethro, kí ẹ sọ ọ́ sókè kí àwọn aládùúgbò gbọ́, pé ọmọ wọn kì í ṣe ojo. Èmi ni ojo.