Orúkọ Àlhájì Tó Wà Lára Kẹ́míìsì Wa

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dà á nù. Bí àwọn wọ́dà bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n kó àwa tí a ń dúró de ikú sí yìí, gbogbo wa máa ń fetí sí ẹsẹ̀ wọn títí yóò fi kọjá. Ìyàwó mi ti kú. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní kí ẹ káàánú mi.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ ní Ìkòtún. Nọ́ọ̀sì ni Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi. Nígbà tí Àlhájì Rájí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, darúgbó tó fẹ́ ta kẹ́míìsì rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, àwa la rà á. Lọ́yà là á yé wa pé a lè ra ṣọ́ọ̀bù àti ọjà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè ra ìwé àṣẹ oògùn títà. Orúkọ Àlhájì ló wà lára rẹ̀. Lọ́yà ní kí Àbẹ̀kẹ́ gba tirẹ̀, kí a sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí, kí a tó ṣílẹ̀kùn.

Mo rò pé ìyẹn á pẹ́ jù. Mo lọ bá Àlhájì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀ ná. Tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba bá dé, ẹ̀yin kẹ́ ẹ wá jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé o fẹ́ sọ mí di àwòrán ara ògiri ni?"

"Àwòrán kì í mu tíì, Bàbá. Ẹ̀yin máa mu tíì."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn aláyẹ̀wò bá ń bọ̀, á gun kẹ̀kẹ́ wá láti ilé rẹ̀ ní Ìdímù, á jókòó sórí àga, á máa dá wọn lóhùn bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Owó orí kékeré tó ti ń san tẹ́lẹ̀ náà la ń san lórúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà wa ti gbòòrò.

Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín Àbẹ̀kẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Èrè kẹ́míìsì la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Àsìkò náà ni Àlhájì wá bá mi.

"Mo fẹ́ lọ yọ orúkọ mi kúrò lára ìwé àṣẹ yẹn. Mi ò lè máa kírun kí n tún máa parọ́."

"Wọ́n á ti kẹ́míìsì pa, Bàbá. Àbẹ̀kẹ́ á kú."

"Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, Tíṣà. Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń lọ."

Mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá lọ, jàre. Orúkọ rẹ̀ ṣá ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní ẹ jẹ́ kó lọ."

Mo ní ó dáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bẹ Àlhájì pé kó kọ́kọ́ yà sí kẹ́míìsì, ká jọ lọ. Mo po oògùn mọ́ tíì rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún ìyàwó mi kó tó mu ún. Orí àga rẹ̀ náà ló kú sí.

Mo ti ṣírò rẹ̀ pé Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, pé wọ́n á sin ín lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin kò jẹ́ kí wọ́n gbé e. "Kí ni bàbá mi ń ṣe lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti tà?" Ó lọ pe ọlọ́pàá, wọ́n rí oògùn inú tíì náà, wọ́n sì mú mi.

Wọ́n ti kẹ́míìsì náà pa. Àbúrò Àbẹ̀kẹ́ fà á lọ́wọ́ wá wò mí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àbẹ̀kẹ́ kò sunkún.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nígbà yẹn?"

"Mo gbọ́."

Ó yí padà. Mi ò rí i mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá ra òwò lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ fi orúkọ ara yín gba ìwé rẹ̀, ẹ san owó orí rẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá sì ń kú lọ, ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ, ẹ má fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ra tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kú, kí ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.