Ìpara Ètè Ìyá Tóyìn àti Agboòrùn Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò lè pa mọ́ra mọ́. Láti Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbé e kiri. Ọkọ mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an kò mọ̀, òun ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n ti ní kí n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìjọ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, n kò sì mọ ẹnu tí màá fi kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Okumagba Layout ní Wàrí ni mò ń gbé. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, òwò ló gbé e wá síbí, ibí náà ni wọ́n bí mi sí. Ìpara ètè ni mò ń ṣe, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní lípbáàmù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọyẹ́ kan ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ètè mi sán lọ́dún yẹn débi pé bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Mo ra ìpara kan ní Effurun, ó ń tutù lẹ́nu bíi súìtì mínǹtì, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń kùn ún tó ni ètè mi ń bó sí i.

Mo wá yí ìdí agolo náà padà, mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kánfọ̀ wà níbẹ̀. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Lọ́fínńdà náà wà níbẹ̀, wọn kò tiẹ̀ sọ irú èyí tó jẹ́. Ohun tó ń tutù yẹn gan-an ló ń ta ètè, tó ń mú un gbẹ. Bó bá gbẹ, a óò tún kùn ún. Báyìí ni agolo ń tán lọ́wọ́ wa, tí ètè kò sì san.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí, tí mò ń dán an wò. Òrí tí wọn kò po nǹkan kan mọ́, ìda oyin, àti àdín àgbọn tí iná kò pa jù. Ṣíbí kan ìda, ṣíbí kan àbọ̀ òrí, ṣíbí méjì àdín àgbọn. A kì í gbé e sórí iná tààrà. Orí omi gbígbóná ni abọ́ rẹ̀ ń jókòó sí. Bí ìda bá pọ̀ jù, á le bí àbẹ́là. Bó bá kéré jù, oòrùn Wàrí á sọ ọ́ di omi nínú báàgì yín. Ẹ má bínú, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí èyí, n kì í mọ ibi tó yẹ kí n dúró sí. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ mí sí i. "Ìyá Ètè" ni wọ́n sọ mí. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Tóyìn dé. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀. Ará Ìlàjẹ ni, ọkọ rẹ̀ ń pẹja, etí odò ni wọ́n ń gbé. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n kọ́ òun. Mo kọ́ ọ. Tọkàntọkàn ni mo fi kọ́ ọ, Ọlọ́run rí mi. N kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ohun tí n kò rò ni àdín àgbọn ìyá rẹ̀. Láti etí òkun ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí i. Ó mọ́ bí omi òjò, ó ń ta sánsán, kò sì ní òórùn èéfín bí èyí tí mò ń rà lọ́jà. Nígbà tó fi èyí ṣe ìpara tirẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Ó dára ju tèmi lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn náà fi mọ̀. Olórí akọrin wa, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, pariwo ní gbangba lẹ́yìn ìsìn pé, "Ìyá Ètè, ẹ má bínú o! Tiyín dáa, àmọ́ ti Ìyá Tóyìn, bí ẹni fi oyin sétè ni. Ọmọ iṣẹ́ ti ju ọ̀gá lọ!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo da gbogbo èyí tí mo ti ṣe padà sínú abọ́, mo yọ́ ọ, mo tún un ṣe. Kò yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jowú rí débi tí ẹ kò fi lè gbọ́ ìwàásù? Tèmi kì í dán létè. Tirẹ̀ ń dán. Nítorí náà, bí mo bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo lè mọ ẹni tó ti fi mí sílẹ̀. Pásítọ̀ á máa wàásù, èmi á máa wo ètè. Ìyàwó alàgbà: ó ń dán. Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lójúlé kejì sí mi: ó ń dán. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo wo ètè obìnrin yẹn san! Wọ́n wá ń pe Ìyá Tóyìn ní "Ìyá Ètè Kékeré". Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé "Kékeré" kúrò.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ń sún mọ́lé, ó wá sílé mi. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìpara fún gbogbo obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin, kí òun fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó ní, "Àǹtí mi, mo fẹ́ kó máa ta sánsán, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé lọ́fínńdà kò dáa fún ètè. Kí ni kí n fi sí i?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo lè ní kó fi àdín ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, torí òórùn tirẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló wá sí mi lẹ́nu.

Mo ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja rí nínú oòrùn, lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé ròrò, ó dúdú bí ibi tí iná jó, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Mo wádìí rẹ̀ nígbà náà. Ohun kan wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, pàápàá nínú èèpo rẹ̀, tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan nínú ilé. Bí oòrùn bá ti bá a lára, ńṣe ló ń jó awọ. Kì í sì í jó o lójú ẹsẹ̀; ó máa ń dúró díẹ̀, débi pé èèyàn kì í mọ ohun tó ṣe é. Mo mọ èyí. Mo tún mọ̀ pé Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni a máa ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ yí àdúgbò ká nínú oòrùn.

Mo ní, "Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Rin ín, rẹ ẹ́ sínú àdín àgbọn, kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, kí o wá sẹ́ ẹ. Ohun tí Ọlọ́run dá ni, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ mi gbẹ.

Mo rò pé ètè wọn á kàn ta wọ́n díẹ̀, tí wọ́n á sì padà sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Àbí kí ẹ má gbà mí gbọ́, torí ohun tí mo ṣe nígbà tí ọjọ́ náà pé fi hàn pé mo mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oòrùn mú gan-an. Àwọn akọrin tò síwájú, imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, orin lẹ́nu. Bùkọ́lá ọmọ mi, tí mo rò pé tèmi nìkan ló ń kùn, wà láàárín wọn. Mo wo ètè rẹ̀. Ó ń dán.

Mo sáré bá a. "Bùkọ́lá, kí lo kùn sétè?"

"Mummy, na wetin Aunty share give choir."

"Ṣé tèmi ti tán nílé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, no vex. Na her own sweet pass."

Ẹ gbọ́ mi o. Mo ní áńkáṣíìfù lọ́wọ́. Mo lè nu ètè ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá nu tirẹ̀, wọ́n á bi mí ní ìdí, màá sì ní láti nu ti gbogbo wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣí agboòrùn mi, mo gbé e lé e lórí, mò ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olórí akọrin tún pariwo pé, "Ìyá Ètè! Ṣé òrí ni ọmọ yín ni, tí oòrùn á fi yọ́ ọ?" Ẹ̀rín sọ. Ìyá Tóyìn wà níwájú wa gan-an. Kò fi nǹkan bo ojú. Ó gbé orí sókè, ó ń kọrin, oòrùn ń dán létè rẹ̀. Èmi ń wò ó láti abẹ́ agboòrùn.

Kó tó di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ètè ti lé ròrò káàkiri ilé àwọn akọrin. Lẹ́yìn náà ló dúdú. Lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde, dùùrù nìkan ló kọrin. Àwọn obìnrin jókòó, wọ́n fi gèlè bo ẹnu. Bùkọ́lá kò ní ju àmì díẹ̀ lọ. Ti Ìyá Tóyìn ló burú jù.

Wọ́n ní ìpara tí wọ́n fi ń bóra ló fi sí i. Ẹnì kan ní kò sí ohun tí àwọn ará etí odò kò lè ṣe. Ẹlòmíràn ju agolo rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà níbẹ̀. Èmi náà tún ṣí ẹnu, mo ní, "Bó bá tiẹ̀ bi mí ni, ǹ bá sọ fún un."

Ó gbójú sókè wò mí. Ó tó kó sọ pé, "Ṣebí mo bi yín." Kò sọ ọ́. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú pé mo fi ohun tí ẹ kọ́ mi dójú tì yín. Bóyá n kò sẹ́ ẹ dáadáa." Ó ti gbà pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Kò tíì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Kò ṣe ìpara mọ́. Ẹja gbígbẹ ló ń gbé lọ tà ní Jeddo. Èmi ni mo tún di Ìyá Ètè. Bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, kò sí ètè tó ń dán. Mo rò pé inú mi máa dùn.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ obìnrin ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin níṣẹ́ ọwọ́. Ìyá Tóyìn ló dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Àǹtí mi kọ́ wọn ní ìpara ètè, àtèyí tó dáa àtèyí tó ń pani lára, kí ohun tó ṣe mí má ṣe ọmọ ẹlòmíràn. Èmi náà á jókòó níwájú, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe."

Nígbà tí a délé, Bùkọ́lá bi mí pé, "Mummy, dat Palm Sunday, why na only me you give umbrella?" Mo ní kó lọ fọ abọ́. Kò tíì bi mí mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wò mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màá sọ̀rọ̀ nípa kánfọ̀. Màá sọ̀rọ̀ nípa lọ́fínńdà. Bí mo bá fo ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn á rò ó fúnra rẹ̀, torí òórùn rẹ̀ dáa, á sì jáde sóòrùn. Bí mo bá sọ ọ́, Ìyá Tóyìn wà níwájú mi, ó mọ ẹnu tó sọ fún un. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá a nílé, kí n dojúbolẹ̀? Tàbí ojú àwọn tó bú u ni ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́, kí wọ́n lè bú mi dípò rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí fún ọmọ mi, torí á mọ ìdí agboòrùn yẹn.

Ètè Ìyá Tóyìn ti ìsàlẹ̀ ṣì dúdú ní apá kan. Ó wá ra agolo kan lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ìpara mi nìkan ni òun lè fọkàn tán.