Èmi Ni Òkú Tó Ń Kan Pákó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òkú tí wọ́n ní ó ń rìn nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé wa, èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Ọdún kẹta rèé.

Apá Òde Ugbò ni abúlé wa wà. Ilé pákó àtijọ́ ni ilé náà, orí òpó ló dúró sí nínú omi. Omi ti gba ilé púpọ̀ lọ́wọ́ wa, kò rí èyí mú. Àjẹ̀ tí ẹni tó tẹ abúlé wa dó fi wa ọkọ̀ débẹ̀ ń bẹ lára ògiri rẹ̀. Kò síbi tí mo dé tí n kì í fi ilé yẹn yangàn.

Bàbá Jídé ló ń tọ́jú rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé lọ́dọọdún, á sọ àjẹ̀ náà kalẹ̀, á fi òróró àgbọn pa á kó má baà là.

Ọkọ̀ ló kó bá mi. Ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ́ ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, ó sì dára, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí a kì í pẹja lábúlé wa, kí omi lè sinmi. Ẹni tó bá rú òfin yẹn, wọn á la ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo máa ń yọ́ lọ ní ìdájí. Tí mo bá dé, mi ò lè gbé ọkọ̀ tútù wá sí èbúté kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo lọ pẹja, mo wá ń so ó mọ́ abẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mi ò ro ti omi. Tí omi bá kún lọ́sàn-án, á gbé ọkọ̀ sókè, imú rẹ̀ á máa kan pákó ilé láti ìsàlẹ̀: gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀. Àjẹ̀ á máa mì lára ògiri. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja nítòsí gbọ́ ọ. Ọjọ́ àìpẹja nìkan ló sì ń dún. Wọ́n ní ẹni tó ni àjẹ̀ ti dé.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo fi àpò ìrẹsì funfun borí lọ tún okùn so. Ìyá Bùsáyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan ẹja, rí mi, ó figbe ta. "Mo rí i o! Kò lójú, kò nímú!"

Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Ìwọ tí o kì í rí ológbò tó ń jẹ ẹja rẹ, òkú wá lo rí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Wọ́n pe ìpàdé.

Bàbá Jídé ní, "Kò sí òkú kankan. Nǹkan kan ló ń kan ilé lábẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Àgbà kan dá a lóhùn pé, "Ìwọ tí ò ń fi òróró pa àjẹ̀ baba wa bí ọmọ tuntun, ìwọ lo jí òkú náà dìde!"

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo ro ti ọkọ̀ mi, mi ò lanu.

Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó láyà láti wọ ilé náà, èmi nìkan ni mo dìde. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni n bá bẹ̀rù? Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Mi ò so ọkọ̀ síbẹ̀ mọ́, ìró náà dákẹ́, wọ́n ní èmi ni mo lé òkú lọ. Àlejò ń wọ ọkọ̀ láti Igbókòdá wá wò ó, èmi ni mò ń mú wọn yí ilé ká. Orí mi wú.

Bàbá Jídé kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Araromi. Lóṣù tó kọjá, ó fi ìgò òróró àgbọn rán ọlọ́kọ̀ sí mi: "Sọ fún ọmọ yẹn pé ọyẹ́ ń bọ̀. Kó má jẹ́ kí àjẹ̀ là."

Mo wo àjẹ̀. Ó ti ń là láti ìdí, nítorí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi òróró pa á. Bí olè ni mo ṣe ń ṣe ohun tí Bàbá ń ṣe ní gbangba.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé Araromi ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí kí n dìde níwájú àwọn àgbà? Bí wọ́n bá la ọkọ̀ mi, mo lè gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi yìí, Bàbá Jídé ló ni ín. Mi ò tíì dá a padà.