Bí Mo Ṣe Purọ́ fún Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Ọ̀nà

Ẹ sún mọ́ mi, tọmọdé tàgbà. Ẹni tí etí rẹ̀ bá wúwo, kó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orí mi ti funfun, inú mi sì ń dùn, ṣùgbọ́n n kò ní gbé irọ́ kan wọ ibojì. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Ilé ìwé kò rí mi pẹ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìsọ.

Ọmọ àbúrò mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, ló ṣe ẹ̀rọ kan fún ilé ìwòsàn, kó máa wá ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà kó àwọn aláìsàn láti ilé dé ilé láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pẹ́. Ọ̀nà ọ̀hún pọ̀ ju irun orí lọ. Ẹni tó bá ní kóun yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan yóò darúgbó sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá to ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ sójú pátákó, gbogbo wọn ń ronú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú wáyà títí ẹnu wọn á fi kò. Ilé aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo ń yọ́ òjé lẹ wáyà mọ́ ọn, tí mo ń kọrin:

Ìwọ wò ó, èmi wò ó,
ọ̀nà tó yá la ó bá lọ.

Ọkọ mi wà lára àwọn aláìsàn náà, oorun ìdájí sì dùn mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá wọn, àìsàn kọ́ ni yóò pa mí, ọkọ̀ yín tó ń jí mi láàárọ̀ ni." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi ọ̀dàlẹ̀ yìí yọ èròjà bíńtín tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ilé wa kò jìnnà sí ti Aránṣọ, aládùúgbò wa tí òun náà jẹ́ aláìsàn, mo fi èyí tó ń sọ pé ó jìnnà réré rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ gbà mí gbọ́, ó fi wá sẹ́yìn gbogbo ènìyàn.

Ọkọ mi ń sùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ á gbé Aránṣọ, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, á gbé e yípo ìlú, á tún padà wá gbé ọkọ mi. Aránṣọ bi awakọ̀ léèrè, awakọ̀ ní ẹ̀rọ ló mọ̀wé, òun kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ kan Aránṣọ dákú sínú ọkọ̀. Ọpẹ́ ni pé wọ́n rí i jí.

Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ní àwọn ó lé Ọ̀gá Kékeré. Ó wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú. "Ìyá mi, ṣé ẹ ti yẹ ibi tí ẹ fi òjé lẹ̀ wò?" Ibí yìí ni ìkà mi ti dójú ẹ̀. Mo ní, "Ọwọ́ mi dá mi lójú. Bóyá ìṣirò tìrẹ ló ṣìnà." Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà, ó gbà pé orí òun kò pé. Nígbà tó lọ jẹun, mo dá èròjà náà padà. Kò mọ̀. Ó ti fi ìpele ẹ̀rọ mìíràn, tí yóò máa tún ìṣirò yẹ̀ wò, kún pátákó, ó rò pé ìyẹn ló wò ó sàn, ó sì ti ń fi kún gbogbo èyí tó ń ṣe láti ìgbà náà. Ọ̀la ló fẹ́ lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá jókòó kí irọ́ mi di ẹ̀kọ́?

Mo pe òun àti Aránṣọ lónìí, ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ní, "Àṣé orí mi pé." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kọjú sí ọkọ mi, ó bi í bóyá oorun yẹn dùn. Ọkọ mi ní ó dùn díẹ̀. Aránṣọ ní, "Ẹ dìde, Ìyá. Ẹni tó bá ti kú ni kì í dárí jini."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wá ẹ̀bi yín nínú orí ara rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí.

Ọ̀gá Kékeré fa ìlà pa ìpele náà rẹ́ nínú àwòrán tó fẹ́ fi kọ́ wọn, mo sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Aránṣọ bù ú lẹ́ẹ̀mejì. A yó, a kọrin, olúkúlùkù sì wọ ilé rẹ̀ lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.